Tọ́bò fún Òkè Ẹsọ̀kalẹ̀

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé ọdún Àjíǹde, Tíṣà Fáladé wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi ní Ìdí-Òrò, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ní kí n bá òun wá ẹni tó máa rà á. Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kékeré rìbìtì tí ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn ni, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní ìjàpá. Ìgbà tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ láàárín àwọn ọdún 1970 yẹn ló rà á, kò sì sí Sátidé tí kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń pe ọkọ̀ náà ní orogún òun.

Mo gbé àgbá kan fún un kó jókòó, ó sì ro ẹjọ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Tíṣà, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yábàá, ìlú wọn sì wà lórí òkè. Òkè náà ga débi pé àwọn awakọ̀ sọ ọ́ ní Ẹsọ̀kalẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń wí fún èrò nìyẹn tí wọ́n bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé fún ọdún, àmọ́ ní agbedeméjì òkè, ọkọ̀ kọ̀, kò lọ mọ́. Ìyá náà, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún lára, wọ́n ń fi agbòòrùn tilẹ̀ rìn lọ lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìlú sì ń tì í gòkè, wọ́n ń kọrin pé ìjàpá ti dé, ìyá rẹ̀ ló ń dà á bọ̀ bí ẹran.

Èyí tó dun Tíṣà jù ni ti ìkórè tó ń bọ̀. Ní ìkórè ọdún yẹn ni wọ́n fẹ́ fi Yèyé jẹ Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ṣọ́ọ̀ṣì náà sì wà ní téńté òkè. Yèyé ti sọ tiwọn fún ọmọ wọn. Wọn kò ní fi ẹsẹ̀ gun òkè lọ gba oyè, wọn kò sì ní wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ nígbà tí ọmọ tí wọ́n bí ní mọ́tò. Tí mọ́tò ọmọ wọn kò bá lè gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n yáa fi ẹlòmíràn joyè.

“Ẹ má tíì tà á,” mo ní. “Kò lẹ́bi kankan. Èémí rẹ̀ ló kéré. Ẹ jẹ́ ká fi tọ́bò sí i.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnnì ń mí bí èèyàn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń da epo pọ̀ mọ́ ọn, iná á ràn án, èéfín á sì jáde. Agbára tí èéfín yẹn fi ń jáde pọ̀, ó kàn ń ṣòfò ni. Tọ́bò jẹ́ irin kan tó ká kò bí ìkarahun ìgbín, abẹ̀bẹ̀ kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀ lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín tó ń jáde lọ á máa yí ọ̀kan, ìyẹn á máa yí èkejì, èkejì á sì máa ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì lọ́fun. Ẹ́ńjìnnì tó bá rí afẹ́fẹ́ mí dáadáa á lè jẹun dáadáa, á sì lágbára. Ilé iṣẹ́ kan tó ń la títì ni mo ti mọ̀ ọ́n, lára àwọn típà ńláńlá tí mo tún ṣe níbẹ̀ kí n tó dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. N kò rí i lára ọkọ̀ kékeré rí o, ṣùgbọ́n n kò rí òfin tó ní kò lè ṣeé ṣe.

Ọ̀gá Sàká rí òfin. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ ní Muṣin, n kì í sì í dáwọ́ lé ohun tuntun láì sọ fún wọn. Wọ́n tẹ́tí gbọ́ mi dópin, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Mùfú, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́,” wọ́n ní. “Ẹ́ńjìnnì yẹn á fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Tó bá gun òkè tí o ń wí yìí, wá mú sípánà oníwọ̀n mi.”

Sípánà oníwọ̀n ni sípánà gígùn tó máa ń dún kẹ́ tí nọ́ọ̀tì bá ti le tó bó ṣe yẹ. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní gbogbo agbègbè wa nígbà náà, ọwọ́ Ọ̀gá Sàká ló wà. Inú aṣọ múlọ́múlọ́ kan ni wọ́n ń dì í sí, ọmọ iṣẹ́ tó bá fọwọ́ kàn án láìtọrọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún délé. Bí wọ́n ṣe fi í ta tẹ́tẹ́ yẹn, mo mọ̀ pé ó dá wọn lójú pé mo máa kùnà, ó sì bí mi nínú. Inú bíbí yẹn ṣe mí lóore.

Tíṣà gbé pátákó dúdú kan tí ilé ẹ̀kọ́ wọn kò lò mọ́ wá, a gbé e ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹfun yàwòrán. A kò tíì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi títí dòní pé iṣẹ́ tí wọn kò bá kọ́kọ́ ṣe ní ọkàn, ọwọ́ á kàn bà á jẹ́ ni. Tọ́bò ti típà ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn, àmọ́ nígbà tí Tíṣà ṣírò iye èéfín tí ẹ́ńjìnnì kékeré yìí lè fẹ́ jáde, a rí i pé kò ní lè yí abẹ̀bẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. A ó ti gun òkè tán kó tó jí. Mo wá kiri àwọn tó ń tú àlòkù ẹ̀rọ títí mo fi rí tọ́bò kékeré kan lára katakata oko tó ti dákú, mo sì gbé e wálé lábẹ́ apá bí ìgbà tí èèyàn ra adìẹ ọdún.

Nǹkan kejì ni pé tí a bá ki afẹ́fẹ́ mọ́ epo jù nínú sílíńdà, ìyẹn ihò tí epo ti ń jóná, epo á máa gbiná ṣáájú àsìkò, ẹ́ńjìnnì á sì máa dún gbà-gbà-gbà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀kì là ń pe ìyẹn, òun ló sì ń fọ́ ẹ́ńjìnnì bí Ọ̀gá Sàká ṣe wí. Ohun tó máa gbà wá ni kí a fi àyè díẹ̀ kún inú sílíńdà. Ìyàwó Tíṣà fún wa ní síríńjì, a fi ń fa omi sínú orí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ láti mọ iye tí àyè ibẹ̀ ń gbà, Tíṣà ń ṣírò lórí pátákó, èmi ń ka ìlà síríńjì. Ó gbé iye kan kalẹ̀, mo ní ó pọ̀ jù, ó ní ìṣirò kì í purọ́, mo ní irin náà kì í purọ́, a sì pín in sí àárín. Tọ́nà kan ládùúgbò wa, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, bá wa gé òrùka irin tí a fi tẹ́ ìdí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè ga sókè díẹ̀.

Nígbà tí a wá tò ó pọ̀ tán, tí a fa páìpù ọ́ìlì sí tọ́bò, tí a fa àsìkò tí iná ẹ́ńjìnnì ń ràn sẹ́yìn díẹ̀, a kó àpò iyanrìn sínú ọkọ̀. Ṣé Èkó kò ní òkè, afárá ló kù fún wa. Tíṣà tẹ̀ ẹ́ gun afárá pẹ̀lú gbogbo ẹrù yẹn, tọ́bò súfèé, ọkọ̀ sì fò lọ bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Tíṣà tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ pariwo orúkọ bàbá rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Kò pẹ́ rárá tí Tíṣà wà á lọ sílé tó fi tún padà wá, èéfín aláwọ̀ sánmà ń tú lẹ́yìn rẹ̀. Mo tú tọ́bò, mo bá ọ̀pá rẹ̀ tó ti gan pa, ọ́ìlì ara rẹ̀ ti jóná di èédú. Ìkórè sì ti ń sún mọ́lé. Mo wo iṣẹ́ mi yíká, n kò rí àṣìṣe kankan, ni mo bá tún un ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ tọ́nà, mo wọ ọkọ̀ jókòó ti Tíṣà, mo ní kó máa wà á bó ṣe máa ń wà á. A gun afárá dáadáa. Bí a ṣe dórí rẹ̀ tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ọwọ́ Tíṣà lọ síbi kọ́kọ́rọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ jíà, ọkọ̀ sì ń yọ́ lọ fúnra rẹ̀.

Fíríì là ń pe ìyẹn. Gbogbo awakọ̀ ìgbà náà ló ń ṣe é láti fi ṣọ́ epo lò, pàápàá láti ìgbà tí a ti ń tò fún epo. Fún ẹ́ńjìnnì lásán, kò burú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ń tu ọ̀pá tọ́bò lára, ẹ́ńjìnnì ló ń fi ránṣẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, ọ́ìlì dúró nìyẹn, ọ̀pá náà sì gbóná janjan, ó ṣì ń yí. Tọ́bò ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra máa mí díẹ̀, kí ara rẹ̀ rọlẹ̀, kí a tó pa á. A ti ṣètò fún irin, fún epo, fún iná àti afẹ́fẹ́. A kò ṣètò fún ọwọ́ Tíṣà.

Tíṣà bẹ̀bẹ̀, ó ṣèlérí pé kò ní ṣe é mọ́. Kí a tó padà dé Ìdí-Òrò, ó tún ti ṣe é, kò sì mọ̀ pé òun ṣe é. Ẹ̀rù wá bà mí gidi. Kò sí tọ́bò mìíràn níbì kankan, tí èyí bá sì tún gan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà, Yèyé á pàdánù oyè wọn, èmi á sì di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe àríkọ́gbọ́n ní Muṣin.

Mo bá a lọ sílé wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó l'Ékòó, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, láti lọ sọ òótọ́ fún Yèyé. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ nígbà tí mo ń ṣàlàyé. Wọn kò gbójú sókè.

“Ṣé ohun tí mọ́tò yìí ń fẹ́ ò ju kí wọ́n má tètè pa á lọ?” wọ́n bi mí.

“Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Yèyé. Kó ṣáà sinmi díẹ̀. Kó tó ìwọ̀n àdúrà kan.”

“Àdúrà ta ni? Tèmi àbí tiyín?”

Tíṣà wolẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé àdúrà Yèyé kì í tètè parí.

“Tiyín ló máa dáa jù, mà,” mo ní.

Yèyé gbé àtẹ sílẹ̀. “Ó parí nìyẹn. Ibikíbi tí a bá dúró, mo máa dúpẹ́ kí wọ́n tó pa á. Níbi tí ọ̀nà bá sì ti dà, mo máa gbàdúrà títí tó fi máa tẹ́jú. Mi ò bí ọmọ tó máa ṣí ọwọ́ kúrò níbi tó wà nígbà tí mo bá ń gbàdúrà.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kúrò l'Ékòó nígbà ìkórè: Yèyé níwájú pẹ̀lú agbòòrùn wọn, èmi àti àpótí irinṣẹ́ mi lẹ́yìn pẹ̀lú ìyàwó Tíṣà àti ẹrù tó kún dé òrùlé. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti dà, Yèyé á di ojú, wọ́n á ní “Bàbá wa”, ọwọ́ Tíṣà tó ti ń yọ́ lọ síbi kọ́kọ́rọ́ á sì padà sórí sítiárì. Ní gbogbo ibi tí a ti dúró, wọ́n dúpẹ́ fún ọ̀nà, fún táyà, fún ọba ìlú tí a gbà kọjá. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí ń ṣe àmín sókè ju gbogbo wọn lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti ń dúró dè wá ní ẹsẹ̀ Ẹsọ̀kalẹ̀, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè láti tì wá. Tíṣà kò dúró. A dé ibi tó ti kọ̀ nígbà Àjíǹde, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Tíṣà yí jíà padà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fún ìṣẹ́jú akàn kò sí nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìfé tọ́bò lẹ́yìn mi, ó ń ròkè, ó ń ròkè, ọkọ̀ sì gbá wa mọ́ ìjókòó. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ń sáré lẹ́yìn wa, wọn kò sì lè bá wa. Yèyé yọ agbòòrùn jáde lójú fèrèsé, wọ́n ń fì í sí wọn. Mo sunkún, n kò ní parọ́.

A dúró gégé ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà jáde wá ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo ìjọ yí ọkọ̀ ká, wọ́n fẹ́ gbé Yèyé sọ̀ kalẹ̀. Yèyé na ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn di ojú. Àlùfáà náà di ojú. Wọ́n gbàdúrà fún ìlú, wọ́n gbàdúrà fún ìjọ, wọ́n gbàdúrà fún mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnnì sì ń mí jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wa títí wọ́n fi ṣe àmín. Ìgbà yẹn ni Tíṣà tó pa á, tí Ìyá Ìjọ sì fi bàtà funfun tẹ orí òkè.

Nígbà tí mo padà dé, Ọ̀gá Sàká kò jẹ́ kí n wá mú sípánà náà. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé e wá sí Ìdí-Òrò nínú aṣọ múlọ́múlọ́ rẹ̀, wọ́n yí ọkọ̀ ìjàpá náà ká, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n sì ní, “Mùfú, kọ́ mi.”

Mo ti fi iṣẹ́ lé àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ báyìí. Tọ́bò ti di nǹkan lásán, ó wà lára ọkọ̀ tó pọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo kọjá ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò mọ ẹni tó ni ín, mo gbọ́ tí mẹkáníìkì kékeré kan ń sọ fún oníbàárà tó ti na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́: “Ọ̀gá, ẹ má tíì pa á. Ẹ jẹ́ kí Yèyé ṣe àmín.”

Mo bi í pé ta ni Yèyé. Ó ní òun kò mọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ òun níṣẹ́ nìyẹn.