Ahọ́n Ìyá Onílé

Ohun tí Olúdayọ̀ ń wá láyé kò pọ̀: kí ẹnì kan ṣoṣo wo fíìmù rẹ̀, kí ẹ̀rù sì ba onítọ̀hún. Kò tíì rí i. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe "Òkú Ìyá Onílé", ìtàn obìnrin kan ní Ìtirẹ́ tó kú, tó sì ń jí padà wá wo ayálégbé tí kò fọ balùwẹ̀. Olúdayọ̀ kò fi ṣeré rárá. Tíṣà lítíréṣọ̀ ni, ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì gbà tọkàntọkàn pé ẹ̀rí-ọkàn ni balùwẹ̀ yẹn dúró fún.

Ahọ́n ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn òṣèré ní àṣà kan: ẹni tó bá ṣe òkú, tí wọ́n bá ti yà á tán nínú pósí, ó gbọ́dọ̀ yọ ahọ́n sí kámẹ́rà, kí ikú lè mọ̀ pé eré ni, kó má baà mú un lọ ní tòótọ́. Àǹtí Salome, tó ṣe ìyá onílé, yọ tirẹ̀ gbọọrọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń to fíìmù pọ̀ gé ibẹ̀ kúrò. Ó gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni aráyé ṣe rí òkú tí wọ́n ń sunkún lé lórí, tó yọ ahọ́n sí mọ̀lẹ́bí, tó sì tún padà kú.

Gbogbo Yaba rẹ́rìn-ín títí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ahọ́n náà sára ẹ̀wù. Wọ́n ń péjọ wo fíìmù ọ̀hún, wọ́n sì ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí bí ẹni ń ka Sáàmù. Bí Olúdayọ̀ bá ń kọjá ní Costain, ẹni tí kò mọ̀ rí á yọ ahọ́n kí i. Nígbà tó lọ bá wọn sìnkú ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ olóògbé gbójú sókè, ó rí i, ó gbàgbé ẹkún tó ń sun, ó yọ ahọ́n.

Ìdí nìyí tí Olúdayọ̀ fi ń sá fún apá kejì. Alhaji Yẹ̀kínnì, tó ń ta ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní Ládìpọ̀, tó sì fowó ṣe fíìmù náà, ni kò jẹ́ kó sinmi.

"Tíṣà, ẹ ṣe é o. Tí ẹ ò bá ṣe é, ọmọ àbúrò mi á ṣe é. Ó ti ní kí ìyá onílé máa jó."

Ijó yẹn ló ká Olúdayọ̀ lára. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé kò ní sí ahọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ti pósí, nínú ọgbà ilé kan ní Mushin, Àǹtí Salome jókòó ti pósí, ó ń jẹ gúgúrú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ wọ inú ẹ̀," ni Olúdayọ̀ wí.

"Ṣé mo máa yọ ọ́?"

"Rárá, mà."

"Ìwọ fúnra ẹ wọ inú ẹ̀. Èmi ṣì ní ọmọ tí mò ń tọ́."

"Àǹtí, ìgbàgbọ́ asán ni. Ikú kì í wo fíìmù."

"Ta ló sọ fún ẹ? Gbogbo Yaba ló wò ó, ikú nìkan ni kò ní dátà?"

Olúdayọ̀ bẹ àwọn òṣèré tó kù títí, kò sẹ́ni tó gbà. Inú bí i. Ó gba ìró àti gèlè lọ́wọ́ Àǹtí Salome, ó ró ìró, ó wé gèlè, ó da páúdà sójú, ó sì nà gbalaja sínú pósí. Joshua, tó ń mójú tó kámẹ́rà, yà á. Olúdayọ̀ kò mira, kò yọ ahọ́n. Nígbà tó tó, ó dìde, ó gbọn ìró.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Joshua, gbé kámẹ́rà, ó kan ti balùwẹ̀."

Joshua kò mira. Ó yíjú sí Àǹtí Salome. "Mà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò lè gba àṣẹ lọ́wọ́ òkú."

"Òkú wo?" ni Olúdayọ̀ pariwo.

Àǹtí Salome mi orí. "Èèyàn dáadáa ni nígbà ayé ẹ̀. Agídí ló pa á."

Olúdayọ̀ rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Ìgbà tí oúnjẹ dé, wọ́n pín ìrẹsì kárí, wọ́n fo òun nìkan. Ó pe Alhaji lórí fóònù.

"Tíṣà, ṣé ẹ yọ ọ́?"

"Mi ò yọ ọ́."

"Kí Ọlọ́run forí jì yín," ni Alhaji wí, ó sì pa fóònù.

Olúdayọ̀ ní òun á kúkú yọ ọ́ fún gbogbo wọn níbẹ̀, láìsí kámẹ́rà.

"Kámẹ́rà ni ikú fi rí wọn," ni Joshua sọ fún pósí. "Kámẹ́rà náà ló gbọ́dọ̀ sọ fún un pé irọ́ ni."

Olúdayọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bí kò bá yọ ọ́, fíìmù yóò bọ́ sọ́wọ́ ọmọ àbúrò Alhaji, ìyá onílé yóò sì jó. Bí ó bá yọ ọ́, wọn yóò tún fi rẹ́rìn-ín. Ó padà dùbúlẹ̀ sínú pósí níwájú kámẹ́rà, ó dijú, ó sì yọ ahọ́n.

Ariwo sọ. "Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n!" Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sáré bu ìrẹsì fún un, wọ́n fi ẹran méjì lé e. Joshua gbé kámẹ́rà wá kó fi ohun tí wọ́n yà hàn án.

Olúdayọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Pẹ̀lú gèlè àti páúdà yẹn, ojú ara rẹ̀ kọ́ ló rí. Imú ìyá rẹ̀ ni, àgbọ̀n ìyá rẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe tẹ́ òkú ìyá náà ní pálọ̀ wọn ní Súrùlérè kí wọ́n tó gbé e lọ sin. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ètè òkú náà là díẹ̀díẹ̀, ahọ́n sì yọ sí ọmọ rẹ̀.

Àwọn yòókù ń ṣubú lu ara wọn lẹ́rìn-ín. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Olúdayọ̀.

"Pa á," ló wí. "Joshua, jọ̀ọ́, pa á."

"Ṣé ká gé ibẹ̀ kúrò ni, Ẹ̀gbọ́n?"

Olúdayọ̀ ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹnì kan ti wò ó, ẹ̀rù sì ti ba onítọ̀hún. Ó wá bẹ Àǹtí Salome pé kó bá òun jókòó títí òun á fi jẹun tán.