Ojú Tí Kò Gbọdọ̀ Rẹ́rìn-ín

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Bantè mọ̀ pé èmi ni mo gun erinmi sọdá odò lọ́dún tí omi wó afárá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òdìkejì. Ẹ wá wo ohun tí dókítà obìnrin kan fi ojú mi rí ní Savalou, lẹ́yìn tí ìjọba àwọn sójà tó ń pe ara wọn ní kámárádì ti lọ.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin la gbé lọ bá a. Ètè òkè rẹ̀ là dé ihò imú, àjà ẹnu rẹ̀ náà là. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ̀ ṣì ń fi aṣọ bò ó lẹ́nu kó tó jáde. A gbọ́ pé wọ́n ń rán ètè ọmọdé ní Savalou fún ọjọ́ díẹ̀, la bá fún ara wa mọ́ inú tákísí.

Dókítà ní àfi kí òun kọ́kọ́ ya fótò, torí bí abẹ́rẹ́ bá ti wọ ètè, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Á tẹ àmì sí igun ojú, ihò imú àti etí ètè inú fótò. Ọ̀dìnátọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣirò, á sọ ojú gbogbo àwọn ọmọ di ìwọ̀n kan náà, á tò wọ́n léra, kó lè mọ bí ibi tó là ṣe ń fa ojú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó dáa. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ ò gbọdọ̀ sunkún, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, àmì á sún.

Ọmọ rí dókítà, ó figbe ta. Wọ́n ní kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo gbé ìtàn erinmi dé, ó bú sẹ́rìn-ín, imú fẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á lẹ́rìn-ín.”

“Ẹ ṣáà ní kó má sunkún.”

“Kó má ṣe ìkankan.”

“Ìyàwó mi nìkan ló mọ ojú yẹn ṣe, ó sì ti kú.”

Dókítà ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ìmọ́lẹ̀ bá lọ ká tó ya fótò, ọmọ mìíràn á bọ́ sí àyè rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin mi, ìyá ọmọ náà, wò mí. “Bàbá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ yìí.”

Ó dùn mí. Mo sọ bí mo ṣe lọ gba ìwé ìbí rẹ̀ ní ọ́fíìsì: mo jókòó, akọ̀wé ò sí, mo dìde, mo relé, mo tún padà, akọ̀wé ò sí. Ọmọ ń wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Wọ́n ya fótò.

Wọ́n rán an. Mo rò pé ìyà mi tán, dókítà ní bó bá rẹ́rìn-ín, okùn lè já. Títí wọ́n fi tú okùn yẹn, òótọ́ nìkan ni mò ń sọ nílé. Àwọn aládùúgbò rò pé ara mi ò yá. Àjà ẹnu sì tún kù, wọ́n á tún ya fótò.

Ọjọ́ tí okùn kúrò, ọmọ náà jókòó tì mí, àpá tínrín lókè ètè.

“Bàbá àgbà, ọ́fíìsì yẹn tó gẹ́ẹ́. Erinmi ńkọ́?”

Mo ní ó ti bímọ, orúkọ mi ni wọ́n sọ ọ́.