Aago Bàbá Mi ní Komah

Òórùn tùràrí ni mo fi ń rántí pálọ̀ bàbá ọkọ mi ní àdúgbò Komah, ní ìlú Sokodé ní Togo. Wọ́n ti ń jó o láti òwúrọ̀, nítorí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi ni. Bàbá mi ti gbé iṣu wá láti Kambolé, ìlú wa, ó wọ agbádá funfun, aago rẹ̀ ń dán lọ́wọ́.

Ìwọ náà mọ irú aago bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan tó kí èèyàn yíjú wò ó. Ẹnjiníà ará Suisse ní Yúróòpù kan tó wá gbẹ́ kànga ní Goubi nítòsí wa ló bọ́ ọ fún bàbá mi nígbà tó ń padà sílé. Òun ló sọ fún un pé àwọn àgbẹ̀ orí òkè ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aago ṣíṣe nílẹ̀ àwọn láyé àtijọ́: bí òjò dídì bá bo oko wọn, wọn a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọn a máa to irin tíntìntín pọ̀. Ọmọ ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, títí iṣẹ́ wọn fi dé ọwọ́ àwọn ọba. Ohun tí bàbá mi fẹ́ràn nínú ìtàn náà nìyẹn. "Àgbẹ̀ bíi tèmi ló ṣe é," ló máa ń wí bó bá ti ń rọra yí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láràárọ̀.

Lẹ́yìn àdúà, àbúrò bàbá ọkọ mi, oníṣòwò tó máa ń lọ Dùbáì, ní kí òun wo aago náà. Ó gbé e sétí, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, c'est du faux, ayédèrú ni! Ojúlówó kì í wà lọ́wọ́ oníṣu." Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi tẹjú mọ́ ẹní. Èmi tí mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, mo fa ìborùn bojú. Ó ṣe mí bíi kí n wọlẹ̀ lọ.

Bàbá mi nawọ́ gba aago rẹ̀. "Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹni tó fún mi ni mo mọ̀." Ó dè é padà, ó ní kí n gbé ọmọ wá kí òun ṣàdúà fún un.

Nígbà tí mo sìn ín dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ tó ń gba Tchamba lọ sí Kambolé, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé e fún ẹni tó ń tún aago ṣe, kí ẹnu wọn lè wọhò."

Ó fi apá agbádá bo aago náà. "Bó bá wá jẹ́ ayédèrú ńkọ́? Ṣé kí n máa bá ọ̀rẹ́ mi tó fún mi ní aago ṣẹjọ́ lẹ́yìn tó ti kú?"

A ò ṣí i wò títí dòní. Ọkọ mi lọ bẹ bàbá mi ní Kambolé nítorí pé kò gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá mi sì ti dárí jì í. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, ojú ṣì ń tì mí. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé aago yẹn ló dójú tì wá. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé nínú gbogbo àwa tá a wà ní pálọ̀ yẹn, bàbá mi nìkan ni kò yẹ kí ojú tì.