Ìwé tí mo yọ nínú fáìlì ọmọ mi

"Má jẹ́ kó rí i títí wọ́n á fi so wọ́n pọ̀ o. Tí o bá sọ fún un báyìí, ìgbéyàwó ti dàrú nìyẹn."

Ìkìlọ̀ tí ìyá kan ń ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyí, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ìyànà Ìbà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ìwé àyẹ̀wò ọmọ ọ̀rẹ́ náà ló wà lórí ẹ̀rọ. Ó yẹ kí n dá sí i, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Mo rántí ìgbà tí àkọ́bí mi fẹ́ ṣègbéyàwó. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń wálé sọ́dọ̀ wa ní ẹ̀sítéètì Ìbà. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í so tọkọtaya pọ̀ láìgba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó lọ ṣe tiẹ̀, ó ní kí wọ́n kúkú yẹ ẹnu ilé-ọmọ òun wò pẹ̀lú, ó sì ní kí n bá òun gba èsì. Mo ra fáìlì aláwọ̀ ewé, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo to ìwé sínú rẹ̀ bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra. Mo ka ìwé mẹ́wàá yege, mo sì fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò.

Nígbà tí mo lọ gba èsì nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó mú ti ẹnu ilé-ọmọ wá ní, "Mà, ọmọ yín gan-an la fẹ́ rí." Mo ní èmi ni mo bí i. Mo bi í léèrè títí ó fi ṣàlàyé. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ara ní iye ìgbà tó lè pín sí méjì. Bó ṣe ń pín ni ṣóńṣó àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ ń kúrú, títí á fi darúgbó, á sì kú. Ṣùgbọ́n èròjà kan wà tó ń jẹ́ tẹlomérésì, tó máa ń tún ṣóńṣó náà ṣe, tí sẹ́ẹ̀lì ò fi ní kú mọ́. Èròjà yìí kì í sábà ṣiṣẹ́ ní ẹnu ilé-ọmọ tí ara rẹ̀ dá. Wọ́n ti rí i pé sẹ́ẹ̀lì ọmọ mi ń yí padà, wọ́n sì bá èròjà náà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gidigidi.

"Kò tíì di jẹjẹrẹ, mà. Àmì pé ó ń lọ síbẹ̀ ni. A lè mú ibẹ̀ kúrò, kò tó iṣẹ́ wákàtí kan. Kó wá láàárín oṣù yìí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo délé, mo yọ ìwé náà kúrò nínú fáìlì, mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Okokomaiko ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé, ẹnu obìnrin náà sì mú. Mo rò pé á ní ọmọ mi ò ní lè bímọ. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé kó bímọ kan ná, a ó wá tọ́jú ibẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo tiẹ̀ máa ń fi í bá àwọn ọmọ mi wí.

"Mọ́mì, ti ẹnu ilé-ọmọ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lọ wọn gáùn ẹ."

Ọdún mẹ́ta kọjá, oyún kò dúró. Ẹ̀jẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ìyá ọkọ rẹ̀ á bi í níwájú àlejò pé, "Ìyàwó, ṣé nǹkan oṣù tìẹ kì í parí ni?" Mo bá a lọ sílé ìwòsàn ńlá. Dókítà bi í bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò rí.

"Mo ṣe é kí n tó ṣègbéyàwó, sà. Wọn ò rí nǹkan kan."

"Ìwé rẹ̀ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Mọ́mì. Wọn kì í sọ ìwé nù." Ó rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe sọ ọ́.

Jẹjẹrẹ náà ti kọjá ilé-ọmọ. Nígbà tí mo gbé ìwé náà fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, kò sunkún. Ó ní, "Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa, Mọ́mì. Kò rún rárá."

Láti ọjọ́ náà, kò gba omi lọ́wọ́ mi mọ́. Ìyá ọkọ tí mò ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ yẹn ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, títí ó fi kú.

Àwọn èèyàn máa ń tù mí nínú pé ìfẹ́ ló mú mi ṣe é. Òótọ́ ni, kò sì yí ohunkóhun padà.

Ẹ̀yin ìyá, tí wọ́n bá fi ìwé àyẹ̀wò ọmọ yín rán yín, ẹ gbé e fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́.