Ọsàn Lójú Omi

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn kàkí tuntun lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ọdún tí àkọ́bí mi lọ ṣiṣẹ́ lójú òkun ni mo máa ń rántí. Fìdítì ni a wà nígbà náà, ibẹ̀ náà la ṣì wà. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa: aṣọ ilé ìwé, bùbá, aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Bàbá àwọn ọmọ mi ní oko ọsàn lẹ́yìn ìlú. Kò sí ẹnì kan nínú ilé wa tó tíì fojú kan òkun rí. Omi tó tóbi jù tí a mọ̀ ni odò tí àwọn obìnrin máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú dáadáa, ewúrẹ́ á là á kọjá láìgbé ìrù sókè.

Ìgbà Sáàpù ni, ìgbà tí ọmọ á jáde ilé ìwé tí á wá jókòó sílé máa wo ìyá rẹ̀ lójú. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Àpápá ló bá ọmọ mi wá iṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan, irú ọkọ̀ kékeré tó lágbára tó máa ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá wọ èbúté. Dírẹ́bà tó ń kó ọsàn wa lọ sí Èkó ló fẹnu jíṣẹ́ náà fún mi. Ó ní kí ọmọ máa bọ̀, kí ó má sì gbàgbé sùútù rẹ̀, nítorí pé wọn kì í fún ẹni tuntun láṣọ níbẹ̀. Kálukú ló ń mú aṣọ, bàtà àti ọ̀bẹ tirẹ̀ dání.

Inú bàbá wọn kò dùn sí i rárá. Ó ní, "Ẹni tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ nínú korobá, òun ló ń lọ sójú òkun?"

Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ rọra. Omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀."

"Mímu ni àwọn àgbà ní kó mu, wọn ò ní kó kó sínú rẹ̀." Ó gbé àdá rẹ̀, ó gba oko lọ, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù tó ń bà mí ju tirẹ̀ lọ, n kò kàn jẹ́ kó hàn ni. Mo fẹ́ kí ọmọ mi níṣẹ́ lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ kí omi gbé e lọ. Kí ni aránṣọ fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ òkun? Ohun tí mo ní kò ju abẹ́rẹ́ àti òwú lọ. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé ohun tí ọmọ yìí máa wọ̀ lọ, ọwọ́ mi ni yóò ti jáde.

Sùútù tí mo mọ̀ náà ni mo rán. Mo ra aṣọ dúdú tó ń dán, mo fi ìtẹ́nú sí i, mo to bọ́tìnnì sí iwájú rẹ̀, mo lọ̀ ọ́ títí etí ṣòkòtò náà fi lè gé èèyàn lọ́wọ́. Èrò mi ni pé bí àwọn tó ni ọkọ̀ bá ti rí i, wọ́n á mọ̀ pé ilé rere ló ti wá. Nígbà tí ọmọ mi wọ̀ ọ́ dúró níwájú dígí, mo yí i ká bí adìyẹ tó yé ẹyin tuntun.

Bàbá àgbà kan wà ní Ìlọra nígbà náà tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Sélọ̀. Ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kó tó padà wá máa gbin ẹ̀gẹ́ nílé baba rẹ̀. Mo ní ká lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kó gbàdúrà fún ọmọ mi. A wọ mọ́tò, ọmọ mi nínú sùútù rẹ̀, gbogbo eruku ojú ọ̀nà Jọbẹlẹ sì ń bà lé e lórí.

Bí Bàbá Sélọ̀ ṣe rí wa, ó dìde dúró. "Ìyá Aránṣọ, ọkọ̀ ni ọmọ yìí ń lọ wọ̀, àbí ìyàwó ló ń lọ gbé?"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, sùútù ni wọ́n ní kó mú wá."

"Bọ́ílà sùútù ni! Bọ́ílà!" Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ẹ̀wù àti ṣòkòtò tó so pọ̀ mọ́ra, irú èyí tí mẹkáníìkì ń wọ̀. Ìwọ tó jáde ìwé mẹ́wàá, o ò mọ̀?"

Ọmọ mi ń fọwọ́ gbọn eruku lára. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé ti ọjọ́ tí èèyàn bá kọ́kọ́ dé ni."

"Kí ẹja lè mọ̀ pé àlejò pàtàkì dé?"

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Bàbá ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, ó ní kó gbé àpótí òun wá. Ohun tó mú jáde nínú rẹ̀ ni bọ́ílà sùútù tó fi ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, àkísà kan tó ti ṣá, tí a fi òwú oríṣiríṣi gán kiri. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aṣọ, ẹnikẹ́ni lè rà á fún ọ. Àkísà, àfi kí o pẹ́ nínú rẹ̀. Aránṣọ ni ẹ́, kà á fún mi."

Mo fọwọ́ tọ ojú yíya kọ̀ọ̀kan, òun náà sì ń sọ ìtàn rẹ̀. Apá tó fẹ̀ jù ló kó sínú okùn tó ń sáré níbí. Àpò tó yọ síta ló kọ́ irin lọ́hùn-ún, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ó ní, "Nínú ọkọ̀, ohunkóhun tó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ, nǹkan kan ń bọ̀ wá bá a ṣọ̀rẹ́." Ọ̀rọ̀ náà le létí mi, nítorí pé àwa tí a ń ránṣọ lágbègbè Ọ̀yọ́, aṣọ tó bá fẹ̀ ni aṣọ ẹni tó níyì lójú wa. Mo ti fi gbogbo ayé mi kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ kí aṣọ fò, ó wá di pé kí n kọ́ bí yóò ṣe jókòó jẹ́ẹ́. Bàbá tún ní kí bàtà rẹ̀ jẹ́ onírọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú, kí ó sì rọrùn láti bọ́. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ẹnu ṣóńṣó, nítorí pé ọkọ̀ ń mì, ẹni tó bá mú ọ̀bẹ ṣóńṣó dání lè fi gún ara rẹ̀. Okùn ni kó fi so ó mọ́ ìgbànú.

Mo padà sílé, mo ro gbogbo ohun tí Bàbá Sélọ̀ sọ fún bàbá wọn bó ṣe ń jẹun. Oúnjẹ rẹ̀ ló gbájú mọ́.

Èyí tí mo wá rán lẹ́yìn náà, kàkí tó nípọn ni. Mo sún apá rẹ̀ kó má fẹ̀, mo fi bọ́tìnnì sí ọrùn ọwọ́, mo bo àwọn bọ́tìnnì iwájú mọ́lẹ̀, mo sì kó àpò rẹ̀ sínú. Aró ni àwọ̀ tí mo mú, aró tó dúdú dáadáa. Lẹ́nu, mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé nítorí ìdọ̀tí ni. Nínú mi lọ́hùn-ún, ó ní ohun mìíràn tó fà á. Nínú oko tiwa, ọsàn tó bá pọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni òkò ń wá lọ. Ọmọ ọsàn ló sì ń kó pónpó bá ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ mi wà lójú òkun bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, kí omi má baà rí i rárá.

Mo gbé e lọ sí Ìlọra. Bàbá Sélọ̀ fa ojú rírán, kò já. Ó wo apá, ó wo ọrùn, ó ń mi orí. Ó wá gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí àgbá omi òjò wà lábẹ́ òrùlé, ó sì jù ú sínú rẹ̀, aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀! Mo figbe ta.

Ó ní, "Má pariwo. Bẹjú wò ó. Kí lo rí?"

"Bàbá, n kò rí nǹkan kan, omi ló dúdú."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó máa wá a kò ní rí nǹkan kan."

Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi wà létí àgbá. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Omi ò lójú, ìyá. Èèyàn ló lójú. Ẹni tó bá bọ́ sínú òkun, kó má fara pa mọ́ fún omi, àwọn èèyàn rẹ̀ ni kó fara hàn. Láífù jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú èèyàn léfòó, wọ́n á fún un nínú ọkọ̀. Kó máa wọ̀ ọ́, kó má gbé e kọ́ ìṣó bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n òmíràn ti gbó, epo ti jẹ àwọ̀ rẹ̀. Fi nǹkan tó ń tàn sí i lápá àti léjìká, ibi tí jákẹ́ẹ̀tì kò ní bò. Ṣé ẹ̀yin ará Fìdítì lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ní àwọ̀ tó ń tàn?"

Àwọ̀ ọsàn ló ní lọ́kàn, ọsàn tó pọ́n débi tí kò lè pọ́n mọ́. Mo wá a títí ní Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń ta aṣọ tuntun kò ní in. Nínú òkìtì òkìríkà ní ọjà Akẹ̀sán ni mo ti fa ẹ̀wù òjò kan jáde, apá rẹ̀ kan ti ya, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ń pariwo. Obìnrin tó ń tà á wò mí láti òkè délẹ̀. "Màmá, ta lẹ fẹ́ kó rí yín nínú èyí?"

Mo ní, "Gbogbo ayé."

Mo gé e sí ọ̀já ọ̀já, mo rán an mọ́ èjìká àti apá méjèèjì, mo fi ẹ̀rọ gbà á, mo tún fi ọwọ́ gbà á. Bí mo ṣe ń gé òwú tó kẹ́yìn, bàbá wọn wọlé, ó gbé nǹkan kan ka orí ẹ̀rọ mi. Ọ̀bẹ ni. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó ní kó gé ẹnu rẹ̀ kó sì yí i róbótó, ó sì ti lu ihò sí èèkù rẹ̀, ó ki okùn bọ̀ ọ́.

Ó ní, "Kó máa so ó mọ́ra."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń pariwo ẹ̀ kiri ilé ni?" Ó ti kọjá lọ sẹ́yìnkùlé kí n tó lè dúpẹ́. Ìyẹn ni àdúrà tó gbà fún ọmọ rẹ̀, ó sì tó. Bí ọmọ náà ṣe lọ nìyẹn.

Ọdún ń gorí ọdún, ó ń wálé fún Kérésìmesì, ara rẹ̀ ń le, ó ń dúdú sí i. Ọdún kan, bí a ṣe jókòó ti oúnjẹ, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀já èjìká kan ti ya lára ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó gbé wá kí n bá a tún un rán, mo sì bi í. Ó kọ́kọ́ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òjò ńlá kan ló ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run ṣú, okùn sì gbá òun lẹ́sẹ̀ níbi tí òun ti ń dè é, òun bá bọ́ sínú omi. Láífù jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn òun, kò jẹ́ kí òun rì, ṣùgbọ́n epo ti sọ ọ́ di dúdú bí omi fúnra rẹ̀, ìgbì sì ń gbé òun jìnnà sọ́kọ̀. Gbogbo wọn ń wò, wọn kò rí òun.

"Ni ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìlàjẹ, bá nàka. Ó ní, 'Ta ló da ọsàn sómi?'"

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.

"Wọ́n wa ọkọ̀ wá bá mi. Wọ́n na igi gígùn kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu sí mi, wọ́n fi fa ẹ̀wù mi léjìká. Ibẹ̀ ló ti ya, Màmá."

Bàbá rẹ̀ gbé òkèlè sílẹ̀. "Irú igi wo?"

"Irú èyí tí ẹ fi ń ká ọsàn náà ni, Bàbá."

"Wọ́n ká ọ."

"Wọ́n ká mi, Bàbá."

Bàbá wọn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì dìde lọ fọwọ́, kò tètè padà wọlé. Èmi kàn di èjìká ẹ̀wù yẹn mú. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ọmọ ọsàn ló ń kó pónpó bá ìyá rẹ̀. Pónpó kan náà ló dá tèmi padà fún mi.

Bàbá Sélọ̀ ti dágbére fáyé, bàbá àwọn ọmọ mi náà ti sinmi lẹ́yìn oko tó fẹ́ràn. Àkọ́bí mi ti di àgbà nínú iṣẹ́ náà, ó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ̀wù yẹn gbó tán, ó gbé e wálé fún mi, ó wà nínú àpótí mi. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin rí i níbẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, kí lẹ ń fi àkísà yìí ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi nu ẹ̀rọ yín." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká a padà, ojú ọsàn rẹ̀ sókè. Òótọ́ ló sọ, àkísà ni. Aṣọ la gbé wọ̀ ọ́ nígbà tó ń lọ. Àkísà ló gbé bọ̀ wálé fún wa.