Ọgbà Ọmọ Kòkó Lẹ́yìn Tafo

Nígbà tí àrùn wọ oko kòkó ní àwọn abúlé tó yí Kumasi ká, ìjọba rán òṣìṣẹ́ lọ gé àwọn igi náà lulẹ̀ kí ó má baà ràn. Aṣọ ni ìyá mi ń tà ní Fante New Town, nínú ìlú Kumasi, àwọn olóko kòkó ló sì ń rà á. Bí igi ṣe ń wó lóko ni ọjà wa ń kú. A ó jókòó ti aṣọ látàárọ̀ dalẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní yà.

Ìgbà náà la gbọ́ pé ìjọba ń gba àwọn tí kò níṣẹ́ sí ọgbà kan lẹ́yìn Tafo, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ kòkó tí wọn yóò fún àwọn olóko gbìn. Ìyá mi, ọmọ Ìlọrin tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí, ká aṣọ sínú àpótí.

"Dìde, ká lọ."

"Ìyá, iṣẹ́ oko?"

"Ṣé aṣọ la ó máa jẹ ni?"

Lábẹ́ ìbòji imọ̀ ọ̀pẹ, ọmọ kòkó tò lọ títí ojú mi kò fi ká òpin wọn mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré tirẹ̀, ewé orí wọn pupa, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ìyá mi dúró sójú kan.

"Súbúhánáláhì," ló ń wí ṣáá.

Agolo tí wọ́n dálu nídìí la fi ń bomi rin wọn. Ọwọ́ wa bó. Ìyá mi a máa bá àwọn ọmọ kòkó náà sọ̀rọ̀ ní Twi, èdè ibẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Ọmọ ibí ni wọ́n. Ṣé wọ́n gbọ́ Yorùbá ni?"

Nígbà tí òjò dé, àwọn olóko wá kó wọn. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ oníbàárà wa wà lára wọn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan mọ́ àyà.

"Maame, ṣé ìwọ lo tọ́ wọn?"

"Èmi àtọmọ mi ni."

Omi bọ́ lójú ìyá àgbà náà. Ó fẹ́ tẹrí ba fún ìyá mi, ìyá mi sì tètè dì í mú, torí ìyá àgbà náà jù ú lọ lọ́jọ́ orí dáadáa.

Owó gbà-má-bínú tí ìjọba san lórí àwọn igi tí wọ́n gé mú ọjà sọjí díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi padà sídìí aṣọ. Èmi kò padà. Mo wà ní ọgbà náà títí mo fi lọ́kọ, torí kò sí àárọ̀ tí mo rí kóró kòkó tó là, tó ń ti ilẹ̀ sókè, tí ara mi kì í bù máṣọ.