Àwọn Eku Tí Ìyá Ìbejì Kó Pọ̀

Kí eku funfun tó wọ ilé wa ní Igbó-Ọrà, èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń pariwo. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Èrúwà, níbi tí mo ti ń kọ́ni láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ilé tí wọ́n ti ń sin ẹran ìwádìí ní Ìbàdàn pa, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi ní kí n máa gbé eku mi lọ síbi tó bá wù mí. Kò síbi tó wù mí. Mo kó wọn sínú yàrá ẹ̀yìnkùlé bàbá mi, mo gbé sólà kékeré kan lé orí páànù, gbogbo àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá títà ni àbí jíjẹ.

Iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé, àfi tí ẹni tí à ń ṣàlàyé fún kò bá fẹ́ gbọ́. Tí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, á máa ta yín. Ẹ̀gún kọ́ ló ń ṣe gbogbo ìyẹn, ara yín fúnra rẹ̀ ni. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ wa, nǹkan kan wà tí mo máa ń pè ní aṣọ́bodè. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n bí i mọ́ wa ni. Bí èèpo ara kòkòrò àrùn bá ti kàn án báyìí, kódà kí kòkòrò náà ti kú, á ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan á sọ fún èkejì, títí ìròyìn á fi dé ibi tí àṣẹ ti ń wá. Ìgbà náà ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá aṣọ́bodè kan pàtó ló ń mú ẹsẹ̀ eku wú.

Eku méjìlá ló kù mí kù fún ìdánwò tó kẹ́yìn yìí, abo nìkan, bàbá kan ló bí gbogbo wọn. Méje ní aṣọ́bodè náà, márùn-ún kò ní in láti inú oyún wá. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ni mo ti gé ṣóńṣó ìrù wọn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí ẹ̀rọ lè sọ èwo ni èwo. Mo wá kó àwọn méje sínú àpótí ọlọ́mọrí pupa, mo kó àwọn márùn-ún sínú ti búlúù.

Ìyá Ìbejì tó ń gbé yàrá iwájú ló ń bá mi fún wọn lóúnjẹ nígbà tí mo bá wà ní Èrúwà. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í gbàgbé omi. Mo máa ń gbàdúrà fún un.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan nínú ọyẹ́ ni mo dé, tí mo bá àpótí búlúù lóde, ó ti fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn.

"Ìyá Ìbejì, àwọn eku inú búlúù dà?"

"Wọ́n wà ńbẹ̀. Mo ti kó gbogbo wọn pọ̀."

Mo jókòó sórí àpò oúnjẹ adìyẹ tí a fi ń bọ́ wọn.

"Ọyẹ́ fẹ́ pa wọ́n, Tíṣà. Márùn-ún péré nínú àpótí gbàǹgbà, wọ́n ń gbọ̀n. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Kí ló dé tí wọ́n á máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ọmọ orogún tó ń jà?"

"Ìyá Ìbejì, ẹ ti pa mí o!"

"Mi ò pa yín. Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń sùn. Alhamdulilahi, kò sí èyí tó bá ìkejì jà."

Mo pariwo. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe nǹkan nítorí àánú, tó tún dàgbà jù ọ́ lọ, ibo lo fẹ́ bínú sí i dé? Ó kàn ń wò mí, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó ní kí n lọ mu omi.

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Ó bi mí pé àmì etí wọn ńkọ́. Mi ò lu etí wọn. Mo ti gé wọn nírù, mo rò pé ìyà yẹn tó. "Ọmọrí lo sàmì sí," ló wí, "o ò sàmì sí eku." Ìyẹn dùn mí ju ohun tí Ìyá Ìbejì ṣe lọ, nítorí òótọ́ ni. Ó ní ọjọ́ ìdánwò ẹnu mi kò ní yẹ̀, olùdánwò tó ń bọ̀ láti ìta ti fọwọ́ sí i. Tí mo bá tún fi ìrù ránṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ tò sẹ́yìn ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn eku á sì ti dàgbà kọjá iṣẹ́.

Mo kúkú fún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, láìmọ èwo ni èwo, èèpo kòkòrò tó ti kú, sí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún. Lọ́jọ́ kejì mo wọn ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje wú. Márùn-ún kò wú.

Méje àti márùn-ún! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Èyí tó wú ló ní aṣọ́bodè, èyí tí kò wú ni kò ní in, ó parí. Mo pín wọn padà sínú pupa àti búlúù bẹ́ẹ̀, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya tábìlì èsì mi. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Wíwú ni mo fi yan àwọn tó ní in, mo tún fẹ́ fi wíwú kan náà ṣe ẹ̀rí pé aṣọ́bodè ló ń fa wíwú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bá kọ irú rẹ̀, òdo ni màá fún un. Ṣùgbọ́n iye yẹn pé, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ìyá Ìbejì gbé omi wá fún wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àpótí kan, ó wo èkejì.

"Tíṣà, ẹ ti ṣi méjì gbé."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ṣé ẹni tó bí ìbejì tó jọra ni kò ní mọ ọmọ yàtọ̀? Eléyìí, etí òsì rẹ̀ ká díẹ̀. Inú búlúù ló wà tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá gbóòórùn ọwọ́ mi. Tọ̀hún tí ẹ wá gbé sí búlúù, ọmọ inú pupa ni, wọ̀bìà, ó máa ń lé àwọn yòókù nídìí oúnjẹ."

"Ẹ mọ gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń ké?"

"Ẹ ò bi mí. Ẹ kàn ń pariwo ni."

Ọjọ́ méjì ni mo fi bá ara mi jà. Ta ni yóò bi í léèrè? Olùdánwò wo ló máa gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ eku bí ọmọ àbúrò rẹ̀? Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá ṣí tábìlì náà, ẹsẹ̀ eku méjì yẹn ni mo máa ń rí, mi ò sì lè kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ rẹ̀. Mo gbé abẹ, mo sàmì sí etí wọn lọ́tẹ̀ yìí, mo gé ìrù gbogbo wọn, mo fi yìnyín dì í, mo wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, mo ń ṣépè fún ara mi títí a fi dé.

Iwájú kíláàsì ni mo wà ní Èrúwà nígbà tí èsì wọ fóònù mi. Méjìlá nínú méjìlá, bí Ìyá Ìbejì ti wí gẹ́lẹ́. Ọ̀kan tí kò ní aṣọ́bodè wú, bóyá aṣọ́bodè mìíràn ló rí ohun tí mo fún un. Ọ̀kan tó ní in kò wú, bóyá abẹ́rẹ́ mi ló tàsé. Mi ò mọ̀. Àfi kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti sún ìdánwò ẹnu mi síwájú, wọn ò sọ ìgbà, ọ̀gá mi kì í sì yára gbé fóònù mi mọ́.

Inú ṣì ń bí mi sí Ìyá Ìbejì, mi ò ní purọ́. Ká ní ó panu mọ́ lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti gba oyè mi. Tábìlì yẹn ì bá rẹwà, wọn ì bá bọ̀ mí lọ́wọ́, irọ́ ni ì bá sì jẹ́, èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ì bá sì gbà á gbọ́ títí màá fi kú.